Omi tí ń jò lábẹ́ ilẹ̀ ilé: ṣé adójútòfò yóò san án?

Onílé Kàbbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti fi ilé mi ní Kàbbà sábẹ́ adójútòfò, mo sì ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún láìyẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀dà ògiri yàrá tí ó kángun sí ilé ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì ń re sílẹ̀. Òjò la kọ́kọ́ fura sí, ṣùgbọ́n òrùlé kò jò, ẹ̀rọ tí ń fa omi bohóòlù sí táńkì sì ń ṣiṣẹ́ lóru nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo omi. Púlọ́mbà tú táìsì mẹ́rin kí ó tó bá páìpù tí ó là lábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà rán wá yẹ òfò wò sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni omi náà ti ń jò, àti pé ìwé àdéhùn kò gba irú rẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe lè tètè dá ohun tí ojú rẹ̀ kò tó dúró?

Ará Ìsánlú

Ẹ kú ọ̀ràn ilé, ẹ̀gbọ́n. Irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba òfò tí páìpù tàbí táńkì tí ó bẹ́ bá fà, ṣùgbọ́n ibòmíràn nínú rẹ̀ a yọ ohun tí ó gbó tàbí tí ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ kúrò. Àárín méjèèjì ni ọ̀ràn tiyín wà, nítorí náà ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́ka sí ìlà tí wọ́n gbé e lé nínú ìwé náà. Ẹ fi páìpù yẹn pamọ́, kí púlọ́mbà sì kọ ohun tí ó bá lábẹ́ ilẹ̀, nítorí pé ojú ibi tí ó là lè fi hàn bóyá ó là lójijì ni tàbí ó ti gbó tipẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ láìnídìí, ẹ kọ̀wé sí NAICOM ní Àbújá, àjọ tí ń ṣàkóso adójútòfò ní Nàìjíríà.

Ìyá Mọ̀pà

Mo fẹ́ fi kún un pé páìpù fúnra rẹ̀ kò sábà wà lára ohun tí wọ́n ń san. Ohun tí omi bàjẹ́ ni wọ́n ń san. Owó táìsì tí ẹ tú láti wá ibi tí ó ń jò náà, wọn kì í sábà san án, àfi bí ìwé bá dárúkọ rẹ̀. Ẹ tún wo iye tí ẹ fi ilé sí, torí pé ibẹ̀ ni ó ti ń dun ọ̀pọ̀ wa. Bí ilé tí àtúnkọ́ rẹ̀ yóò gba mílíọ̀nù 20 náírà bá wà lórí ìwé ní mílíọ̀nù 10, tí òfò sì jẹ́ mílíọ̀nù 1, wọ́n lè san 500,000 péré, nítorí pé ìdajì iye ilé ni ó wà lórí ìwé, wọn a sì tún yọ iye tí àdéhùn ní kí onílé fúnra rẹ̀ gbé.

Onílé Kàbbà

Ẹ ṣeun gan-an. Orí ààtàn ni ọmọ mi ti lọ gbé páìpù náà wá. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà mí láàmú: ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ìyàwó mi rí àbàwọ́n kékeré kan lára ògiri yẹn, a sì kàn kùn ún lọ́dà. Ṣé kí n sọ ọ́?

Ará Ìsánlú

Ẹ sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá fúnra wọn rí i pé ẹ fi pamọ́, gbogbo ẹ̀tọ́ yín lè bá a lọ. Ẹ kọ ọ́ bí ó ṣe rí: àbàwọ́n kékeré ni, kò sí ohun tí ó tọ́ka sí páìpù nígbà náà, lẹ́yìn tí ọ̀dà wú ni ẹ sì pe púlọ́mbà. Ẹ so fọ́tò àti rìsíìtì mọ́ ọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́ kí ẹ tó fi í ránṣẹ́.