Ìṣakúta kọ́, ìtúko ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà dábàá pé ká máa pe yíyọ àṣẹ console.log kúrò nínú kóòdù JavaScript, nígbà tí a bá ń ṣe build, ìyẹn ṣíṣètò kóòdù tó máa lọ bá oníbàárà, ní "ìṣakúta", bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ó yé mi, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ta ló ń da òkúta sínú ẹ̀wà tó fẹ́ sè? Àwa fúnra wa la kọ console.log síbẹ̀, ká lè rí ohun tí kóòdù ń ṣe. Ó ti ṣiṣẹ́ fún wa kó tó di ohun à ń yọ.

Ilé aláró ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ ṣe àdìrẹ oníko, á fi ìko di aṣọ ní kókó kókó kó tó rì í sínú aró. Ibi tí ìko bá ti fún, aró kì í wọ ibẹ̀; òun ló ń di ọnà funfun. Bó bá yá, á tú ìko náà. Kò sẹ́ni tó ń gbé aṣọ tòun tìko fún oníbàárà. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká pè é ní ìtúko.

Ọ̀rọ̀ yìí tún gba ewu iṣẹ́ náà mọ́ra. Abẹ ni ìyá àgbà fi ń já kókó tó bá le. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, aṣọ á ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣẹ --drop:console inú esbuild, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe build. Tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́ console.log ló ń gé. Bí ẹnì kan bá kọ console.log(iye++), níbi tí ++ ti ń fi 1 kún iye, ìṣirò náà bá a lọ. Mo ti ṣe é rí. Lórí kọ̀ǹpútà mi, nọ́ńbà rísíìtì ń lọ 1, 2, 3. Nígbà tó dọ́wọ́ oníbàárà, gbogbo wọn jẹ́ 1. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi wá a kí n tó mọ̀ pé àfọwọ́fà mi ni. Ẹni tó bá lo ètò pure_funcs inú Terser, irinṣẹ́ mìíràn tó ń dín kóòdù kù, tó kọ console.log nìkan síbẹ̀, iye++ rẹ̀ á ṣẹ́ kù, console.error tó ń sọ àṣìṣe náà ò sì ní lọ. Ìtúko ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "ìparẹ́" ti tó, ẹ jọ̀ọ́, fáìlì tí a fọwọ́ kọ kò yí padà, console.log wà níbẹ̀ digbí. Èyí tó ń jáde lọ bá oníbàárà nìkan la tú.

Ó wá ku console.log fúnra rẹ̀. Ṣé ká kúkú pè é ní ìko? "Mo fi ìko mẹ́ta sí ìlà 40" dùn létí tèmi. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?