Sample library ọ̀kẹ́sítírà wo ni kí n rà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Orin inú fíìmù ni mò ń ṣe. Sample library tí mò ń lò báyìí, ìyẹn àkójọ ohùn ohun èlò orin gidi tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kí a lè máa fi kọ̀ǹpútà lù wọ́n, ti sú mi. Bí mo bá tẹ nóòtì kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀léra lórí fayolíìnì, ohùn kan náà gan-an ló ń jáde, á máa ró tatata bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lánàá, mo dé ibi tí ìyá kan ti ń sunkún ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí sẹ́lò rọra gun òkè, kí ohùn rẹ̀ máa wú díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ṣe ló ń já láàrin nóòtì méjì. Ó dùn mí wọra.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ti gba nóòtì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, láti orí jẹ́jẹ́ dé líle, kí legato rẹ̀, ìyẹn bí nóòtì kan ṣe ń wọ inú èkejì láìjá, sì jẹ́ ojúlówó. Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀ ló rú mi lójú. Silent Stage, níbi tí ohùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ta padà lára ògiri, ni ilé-iṣẹ́ Vienna Symphonic Library ti gba ọ̀pọ̀ tiwọn. Sítúdíò Maida Vale ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilé-iṣẹ́ Spitfire ti gba ti BBC Symphony Orchestra, ẹ ó sì gbọ́ gbọ̀ngàn náà nínú rẹ̀. Èwo ló máa bá dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí mo gbà nínú yàrá kékeré mu? Ọkàn mi ń fà sí ti Vienna.

RAM 16GB ni kọ̀ǹpútà mi ní. Ṣé kí n kọ́kọ́ ra ohun èlò olókùn nìkan?