Ìwé kékeré dírẹ́bà wa ló jẹ́ kí wọ́n gbé ìwé ńlá jáde

Àwọn kan máa ń sọ pé bí ẹni tí ẹ jọ ń ṣòwò bá ti gbé ìwé pamọ́, kí èèyàn gba kámú. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Pákí ni mò ń kó láti agbègbè Ìṣẹ́yìn lọ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe sítáàṣì. Àdéhùn wa kò ju ojú ewé méjì lọ: iye tọ́ọ̀nù tí òṣùwọ̀n wọn bá kà ni wọn yóò sanwó rẹ̀. Ọkọ̀ á gun òṣùwọ̀n tòun tẹrù, á tún gùn ún lófìfo, ohun tó fi dín ni pákí wa. Wọ́n á tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, dírẹ́bà á mú ọ̀kan, ìyókù di tiwọn. Ọkọ̀ 31 ni mo kà. Owó ọkọ̀ 19 ni wọ́n san. Wọ́n ní àwọn ò mọ ìyókù rí.

Tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọkọ̀ tí wọn ò sanwó wọn wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n oòrùn iwájú mọ́tò ti pa gbogbo ohun tó wà lára wọn rẹ́. Wọ́n funfun báláú.

Mo pè wọ́n lẹ́jọ́, lọ́yà mi sì kọ nótíìsì sí wọn pé kí wọ́n mú tiwọn wá. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Wọn ò mú nǹkan kan wá. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé nótíìsì kì í fipá mú ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ abala 89 àti 91 nínú Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ọdún 2011, ohun tó ń ṣe ni pé bí wọn ò bá mú ojúlówó wá, kóòtù lè gba ẹ̀dà ọwọ́ wa. Ẹ̀dà wo, nígbà tó ti funfun? Àfi kí a gbé mósàn, ìyẹn ìwé ìbéèrè, lọ bá adájọ́, kí ó pàṣẹ fún wọn.

Mo ní kí lọ́yà kọ ọ́ pé kí wọ́n kó gbogbo ìwé wọn jáde. Ó fi bírò fa igi lé e. Ó ní adájọ́ kò ní gbà kí a máa tú ilé onílé bóyá a ó rí nǹkan; kí n dárúkọ ìwé tí mò ń fẹ́, ọjọ́ rẹ̀, ọkọ̀ tó kàn, àti bó ṣe kan owó tí à ń bèèrè.

Ọ̀dọ̀ dírẹ́bà wa àgbà ni mo ti rí i. Bàbá náà ní ìwé kékeré kan tí epo mọ́tò ti rin, ibẹ̀ ló ń kọ owó dísù sí. Gbogbo ìrìn ló wà níbẹ̀, tọjọ́ tọjọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò. “Màmá, owó yín ni mò ń ná, ṣé kí n má kọ ọ́ ni?” Alẹ́ méjì la fi jókòó dà á kọ.

Nígbà tí mósàn dé kóòtù, ilé iṣẹ́ náà búra pé kọ̀ǹpútà òṣùwọ̀n ti bàjẹ́. Lọ́yà ti rò ó tẹ́lẹ̀. Ó ti fi ìwé ńlá ẹnu géètì, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń fọwọ́ kọ, kún ohun tí a bèèrè. Adájọ́ ní kí wọ́n gbé e jáde láàárín ọjọ́ 14 kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́yà wọn náà mọ abala 167 nínú òfin yẹn: ìwé tí èèyàn lè mú wá tí kò mú wá, kóòtù lè gbà pé kò ní gbè é bó bá mú un wá ni.

Wọ́n gbé e wá. Etí rẹ̀ ti ká, bírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Dírẹ́bà ń ka ọjọ́ láti inú tirẹ̀, èmi ń fi ìka tọ ìlà lọ. Nọ́ńbà mọ́tò wa, aago tó wọlé, aago tó jáde, “pákí”. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. A rí mọ́kànlá.

A wá ìkejìlá títí. Bàbá tún wo ìwé rẹ̀, ó ní ọjọ́ yẹn lọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, tí a ta pákí náà fún àwọn onígààrí kó tó jẹrà. Mo ti gbàgbé pátápátá. Mo ní kí lọ́yà yọ owó rẹ̀ kúrò.

Ìwé géètì kò sọ iye tọ́ọ̀nù, nítorí náà a fi ohun tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sábà ń gbé nínú àwọn 19 tí wọ́n ti san ṣírò rẹ̀. Kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé, àwọn fúnra wọn ló ránṣẹ́ pé kí a wá jókòó sọ ọ́, wọ́n sì san ti mọ́kànlá náà.