Ẹni tó kú nínú ìwé, tí fíìmù dá sí: èwo ni apá kejì yóò tẹ̀ lé?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ̀dá ìtàn kan bá kú nínú ìwé, tí fíìmù wá dá a sí, èwo ni òǹkọ̀wé yóò tẹ̀ lé nínú apá kejì? Àpẹẹrẹ gidi ni mo ń fẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

Èsì 1
Ó ṣẹlẹ̀ sí Michael Crichton. Nínú Jurassic Park (1990), Ian Malcolm kú. Fíìmù 1993 dá a sí. Nígbà tí The Lost World jáde ní 1995, Malcolm yìí náà ni aṣíwájú ìtàn. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni Crichton fi sọ pé wọ́n ti yá jù láti kéde ikú rẹ̀.

Ti Arthur C. Clarke ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Pílánẹ́ẹ̀tì Saturn ni ọkọ̀ òfuurufú ń lọ nínú ìwé rẹ̀, 2001: A Space Odyssey (1968), ṣùgbọ́n Jupiter ni fíìmù gbé e lọ, torí pé òrùka Saturn ṣòroó yà. Nínú apá kejì (1982), Clarke tẹ̀ lé fíìmù, ó sì sọ ọ́ gbangba ní iwájú ìwé.

Èsì 2
Ohun tó hàn sójú nìyẹn. Colin Dexter náà gba mọ́tò Lancia lọ́wọ́ Morse, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé rẹ̀, ó fún un ní Jaguar bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Ohùn òṣèré ló léwu. Bí ó bá ti wọ òǹkọ̀wé létí, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá ìtàn á máa kúrú, torí pé lójú àwòrán, ojú òṣèré ló ń parí gbólóhùn. Ìwé ò ní ojú yẹn. Ẹ mú ojú ìwé méjì láti inú ìwé àtijọ́, méjì láti inú tuntun, kí ẹ kà wọ́n sókè. Bí èrò inú bá ti pòórá nínú tuntun, ẹ dá a padà.

Èsì 3
Ẹ yẹ àdéhùn wò ná. Ẹ̀dá ìtàn tí fíìmù fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ gba àṣẹ ní kíkọ kí ẹ tó lò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ la tákàdá kan sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí ìwé sọ, ohun tí fíìmù sọ, èyí tí ẹ mú. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á tẹ̀ lé ìwé ní orí kejì, á tẹ̀ lé fíìmù ní orí kẹsàn-án.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ọ̀rọ̀ iwájú ìwé yẹn gbọ́dọ̀ gùn?

Èsì 1
Rárá. Gbólóhùn méjì tó: ó kú nínú ìwé, ó yè nínú fíìmù, ti fíìmù ni mo tẹ̀ lé.