Ṣé fáítámì lè gba ọpọlọ bàámi lọ́wọ́ oògùn kòkó?

ỌmọÌkẹ́rẹ́: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin Èkìtì kete. Ọjọ́ ti pẹ́ tí bàámi ti ń fín oògùn sí kòkó, láti ayé Gamalin 20, oògùn apakòkòrò àtijọ́ yẹn, kò sí ìbọ̀wọ́, wọn ò bo imú, aṣọ oko yẹn náà ni wọ́n á fi jókòó jẹ iyán. Ní báyìí wọ́n ń gbàgbé nǹkan gan-an, owó tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tọ́jú, wọ́n á ní wọ́n jí i. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní kí n máa ra fáítámì E àti C alágbára fún wọn, pé á fọ májèlé kúrò nínú ọpọlọ. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi?

Nọ́ọ̀sìAdó: Kò fọ nǹkan kan o jàre. Ara eku ni wọ́n ti dán an wò, wọ́n fún eku ní chlorpyrifos, oògùn apakòkòrò kan, wọ́n wá fún àwọn kan ní fáítámì E tàbí C mọ́ ọn, ọpọlọ àwọn yẹn ò sì bàjẹ́ tó tàwọn yòókù. Ó nídìí, ọ̀rá ló pọ̀ nínú ọpọlọ, májèlé máa ń ba ọ̀rá yẹn jẹ́, fáítámì E sì máa ń dènà ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti eku yẹn, bí májèlé ṣe ń wọlé ni fáítámì ń wọlé, bàbá yín ńkọ́, láti ayé Gamalin! Ẹ má sì kàn máa kó fáítámì E púpọ̀ fún wọn o, tí wọ́n bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ẹ jẹ́ n bi yín, ṣé wọ́n ní ṣúgà? Ṣé metformin ni wọ́n ń lò? Torí tó bá ti pẹ́ téèyàn ti ń lo metformin, fáítámì B12 lè dín kù lára ẹ̀, ìgbàgbé á dé, ẹsẹ̀ á máa jó o tàbí kó kú tipiri. Ìyẹn gan-an ni fáítámì ti lè ṣiṣẹ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra nǹkankan.

Alákòókó: Nígbà tiwa, tá a bá fín oògùn tán epo pupa la máa ń mu. Fáítámì E wà nínú ẹ̀ bámúbámú, ẹ má fowó ṣòfò.

Nọ́ọ̀sìAdó: Bàbá, ẹ má bínú, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, inú ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti jẹ ẹ́. Ẹni tí oògùn kòkó bá mú, tó ń làágùn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ẹ má da epo sí i lẹ́nu, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ bọ́ aṣọ ara ẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ ọsibítù kíá, atropine ni wọ́n máa ń fún irú wọn.

Fínfín_Ìkọ̀lé: Èmi náà ń fín o. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé awọ ara ni oògùn ń gbà wọlé jù, pàápàá tí páńpù bá ń jò séèyàn lẹ́yìn. Ẹ bá wa bi bàbá bóyá wọ́n ń mu ògógóró díẹ̀díẹ̀ ṣá, torí ọtí máa ń jẹ fáítámì B1 lára èèyàn, ìyẹn náà máa ń kó ìgbàgbé wá, abẹ́rẹ́ B1 ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ẹ̀ tí kò bá tíì pẹ́ jù.

ỌmọÌkẹ́rẹ́: Haa, metformin ni wọ́n ń lò o, ó ti pẹ́! Ti ògógóró, ẹ má jẹ́ n sọ ọ́ síta. Mo ti ní ká lọ ọsibítù ní Ìdó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní àfi táwọn bá fín oko apá odò tán.

Fínfín_Ìkọ̀lé: Ẹ gbé páńpù yẹn pa mọ́. Ẹ ní wọ́n jí i.