Mo dín h kù, èsì mi wá bàjẹ́, kí ló dé?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Wọ́n ní ká fi Python wá derivative sin x (bó ṣe ń yára yí padà) níbi x = 1, ká lo (sin(x+h) − sin x)/h, h jẹ́ ìgbésẹ̀ kékeré kan, 0.5403 ló yẹ kó jáde, tíṣà wa sì ní bí h bá ṣe kéré tó ni èsì á ṣe dáa tó, mo wá gbé h sí 1e-16 (ìyẹn 10⁻¹⁶), òdo ló gbé fún mi! Mo ti wo kóòdù yẹn títí ojú fi ń ta mí.

Ìdáhùn 1: Kóòdù ẹ ò ní wàhálà. Dígíìtì bíi 16 péré ni nọ́ńbà double (irú nọ́ńbà onídẹ́símà tí Python ń lò) lè gbà, tó o bá fi 1e-16 kún 1, 1 náà ló máa padà jẹ́, o kàn ń yọ sin 1 kúrò lára sin 1 ni. Gbìyànjú 1e-8.

Oníbèérè: Haa, ó ti jáde o! Ẹ ṣé gan-an.

Ìdáhùn 2: Má tíì máa jó o. Lo (sin(x+h) − sin(x−h))/(2h), kí h jẹ́ bíi 1e-5, ó máa sún mọ́ ọn jùyẹn lọ. Èmi ò mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ àfìgbà tí mo ya gíráàfù àṣìṣe sí h lórí log, ló bá ń lọ sílẹ̀, ló tún ta padà sókè bíi lẹ́tà V.