"Òkúta ọmú" kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ míì

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé ká máa pe calcification (kálísíọ̀mù tó dì wẹ́wẹ́ tàbí ńlá sínú ọmú) tó ń yọ nínú mámógíráàmù (fọ́tò X-ray ọmú) ní "òkúta ọmú", tí àwọn kan sì ti ń kan sáárá sí i. Ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún èèyàn. Àǹtí kan ládùúgbò wa ní Kubwa, Abuja níbí gba èsì mámógíráàmù, ọmọ ẹ̀ wá túmọ̀ ẹ̀ fún un lórí fóònù pé òkúta wà nínú ọmú, ká tó wí ká tó fọ̀ àǹtí ti ń wá owó iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti jáwọ́ nínú fùrá àti nọ́nọ̀ tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní torí kálísíọ̀mù inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ BI-RADS 2 (nọ́ńbà tí dókítà fi ń sọ ohun tí fọ́tò ọmú fi hàn) ló wà lórí ìwé yẹn gàdàgbà, ìyẹn ni pé kò sí àmì jẹjẹrẹ níbẹ̀! Kálísíọ̀mù inú oúnjẹ kọ́ ló ń fà á o. Ọjọ́ orí ni, tàbí ibi tó ti fara pa rí, tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń gan, obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún tó ní in pọ̀ lọ jàra.

Òkúta, èèyàn á rò pé òun lè fọwọ́ bà á. Eléyìí ò ṣeé fọwọ́ bà, ultrasound gan-an sábà máa ń fò ó, fọ́tò X-ray ló ń gbé e jáde, tótòtó funfun bí iyọ̀ tó dà sórí aṣọ dúdú. (Páúdà tàbí díódóránt abíyá náà lè jọ ọ́ nínú fọ́tò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká má fi í sára lọ́jọ́ yẹn.)

Èmi mú "ẹfun ọmú" wá. Èyí tó tóbi, tí kì í sábà léwu, ẹfun ńlá. Èyí tí ò tó ìdajì mìlímítà, ẹfun wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ yìí náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ní wàhálà, àfi tó bá ṣùjọ sójú kan, tí ìrísí wọn ò dọ́gba, tàbí tó tò tẹ̀léra tó yẹ̀ka, ìgbà yẹn ni dókítà á ní ká tún fọ́tò yà kóun lè fẹ̀ ẹ́ wò, tàbí ká padà wá lẹ́yìn oṣù 6, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú ojú ọ̀nà wàrà. "Ẹfun wẹ́wẹ́ tó ṣùjọ" gbé gbogbo ẹ̀ jáde. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi òkúta sọ ìyẹn?

Ẹnì kan ti ní ẹfun, ti Ọbàtálá ni, pé àwọn pásítọ̀ Abuja máa sọ ọ́ di ìdáǹdè. Ẹ gbà mí o, ṣebí ẹfun ìkọ̀wé ni tíṣà fi kọ́ wa ní ABD, òrìṣà wo ló gun ẹnikẹ́ni?

Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ kó mú un wá, àmọ́ tí òkúta bá ti wà nínú ẹ̀, mi ò bá yín lọ.